Ògiri Ìjọba Tó Ń Júwe Ilé Olè

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Micah Fálẹ́yìmú jókòó sórí àpótí níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní Arárọ̀mí-Jẹ̀ṣà, ó ń kọ pátákó fún onídìrí kan. Àtíìsì ni Micah. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì jẹun, kò sì sí ògiri gidi kan nílùú náà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kàn.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà pupa ni ó gbọ́ ohùn Làbákẹ́ láti òdìkejì títì.

"Bàbá Ọmọ́tárá! Ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín!"

Ó ya Micah lẹ́nu. Làbákẹ́, tó ń sun bọ̀ọ̀lì fún àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ sí Àkúrẹ́, kì í ṣe aláriwo. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́, ńṣe ló máa ń kọjú sí iná rẹ̀, tí yóò máa yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ padà láìsọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó fi iná àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ó ń sọdá títì láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Ikhlas, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń tẹ̀ lé e. Ẹkún ti wú ojú ọmọ náà.

"Ìyá Ikhlas, ẹ fara balẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Ta ló kọ àdírẹ́sì ìjọba ìbílẹ̀ sára ògiri ilé ìwòsàn wa?"

"Èmi ni. Ṣé ọwọ́ ẹlòmíràn jọ tèmi ni?"

"Ó dáa. Ọwọ́ yín ti sọ ọmọ mi di oníjìbìtì."

Ó na ìwé kan sí Micah. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni. Àmì ìjọba ìbílẹ̀ wà lókè rẹ̀, fọ́tò Ikhlas wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, orúkọ rẹ̀ pé pérépéré. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi báírò pupa fa ìlà méjì kọjá lórí rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sáàárín ìlà méjèèjì: AYÉDÈRÚ.

"Ikhlas, kí ni èyí?"

"Ẹ̀yin náà gbọ́ nígbà tí orúkọ mi jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Òṣogbo, sà," ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá. Mo lọ dúró níwájú ògiri ilé ìwòsàn, mo tẹ àdírẹ́sì ìkànnì tó wà níbẹ̀ sórí fóònù mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àmì ìjọba ìbílẹ̀ jáde, àwòrán sẹkitéríàtì jáde. Wọ́n béèrè orúkọ mi, orúkọ bàbá mi, àdúgbò wa, nọ́ńbà NIN mi, fọ́tò mi, àti ìbuwọ́lùwé mi. Mo fún wọn. Mo san ohun tí wọ́n ní kí n san. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fi ìwé yìí ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Àná la lọ fún àyẹ̀wò ìwé. Ọkùnrin tó ń yẹ̀ ẹ́ wò tẹ nọ́ńbà ara ìwé mi sínú kọ̀ǹpútà. Ó tún un tẹ̀. Ó ní nọ́ńbà náà kò sí lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwọn yòókù máa kọjá. Sà, gbogbo wọn ló wò mí bí ẹni ń wo olè." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Wọ́n fún mi di ọjọ́ Ẹtì. Bí n kò bá mú ojúlówó dé, wọn yóò fi àyè mi fún ẹlòmíràn."

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Micah lọ́kàn ni pé bóyá òun fo lẹ́tà kan. Ìbẹ̀rù gbogbo àtíìsì nìyẹn: kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣìṣe sójú gbangba, kí ìlú sì máa kà á lójoojúmọ́.

Ó wọ inú ìsọ̀, ó tú àpò ìwé rẹ̀ títí ó fi rí bébà tí ìjọba ìbílẹ̀ fún un lọ́dún méjì sẹ́yìn, tòun ti òǹtẹ̀ wọn. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù Ikhlas, ó ń fi ìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Araromijesa.com. Lẹ́tà kan kò yẹ̀.

"Ohun tí wọ́n ní kí n kọ ni mo kọ," ni Micah wí.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀," ni Làbákẹ́ dáhùn, "ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn tó ní kí ẹ kọ ọ́."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ọ̀nà sẹkitéríàtì. Ìrìn náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu géètì, Micah dúró gbagidi. Lára ògiri ọgbà ìjọba ìbílẹ̀ gan-an, àdírẹ́sì yẹn kan náà wà níbẹ̀, lẹ́tà dúdú gàdàgbà lórí ọ̀dà funfun. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó ti ń kọjá níbẹ̀ láti ọdún méjì, inú rẹ̀ a sì máa dùn bó bá ti rí i. Lọ́jọ́ yìí, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n kọ èébú sí i lójú.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣíjúadé, ọ̀gá ẹ̀ka ìròyìn, ni wọ́n bá nínú ọ́fíìsì. Ó gba ìwé Ikhlas, ó wò ó fìrí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Háà, àdírẹ́sì yẹn! A ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án rèé tí a ti kó ìkànnì wa lọ sí gov.ng, èyí tó jẹ́ ti ìjọba gan-an. Ìwé yìí kò ti ọ̀dọ̀ wa wá."

"Ta lẹ sọ fún pé ẹ ti kó?" ni Làbákẹ́ béèrè.

"A kéde rẹ̀, màmá."

"Níbo?"

"Lórí ìkànnì wa tuntun."

Micah rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa.

"Ẹ kó kúrò nílé," ni Làbákẹ́ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ wá lẹ ìwé pé ẹ ti kó sára ilẹ̀kùn ilé tuntun. Ẹni tó ń lọ sílé àtijọ́ ńkọ́? Ibo ni yóò ti kà á?"

Ṣíjúadé wú ikọ́. "Màmá, mo mọ̀ pé ó dùn yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ lẹ́tà, kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ ló lù ú ní jìbìtì o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbóná wọ Micah lára.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "òótọ́ ni, ẹ̀yin kọ́ lẹ tan ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ara ògiri yín ló ti rí ọ̀nà ilé olè. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́! Oṣù mẹ́sàn-án lẹ fi mọ̀. Ìsọ̀ mi kò jìnnà síbí. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè dìde nínú ọ́fíìsì yìí, kó wá sọ fún mi pé, 'Micah, pa á rẹ́'? Ọ̀dà tí màá fi pa á rẹ́ kò tó ife kan!"

Obìnrin kan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní kọ̀rọ̀ yàrá ló dìde. Tinúolúwa Awóyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń bójú tó ìkànnì ìjọba ìbílẹ̀ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún wọn," ni ó wí fún ọ̀gá rẹ̀. Ó kọjú sí Micah. "Bàbá, ìgbà tí a kó ni mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n pè yín. Mo kọ orúkọ ibi mọ́kànlá tí àdírẹ́sì náà wà sínú rẹ̀. Inú fáìlì ni ìwé náà wà títí di òní."

Làbákẹ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó mirí.

Tinúolúwa fa àga fún Ikhlas. "Ẹ gbọ́. Orúkọ tó bá parí sí dọ́ọ̀tì kọ́ọ̀mù, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á, bí ènìyàn ṣe ń háyà ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí a kó lọ sí tuntun, a kò tún àtijọ́ gbà mọ́. Orúkọ náà bọ́ sọ́jà. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí lọ gbà á, ó kó àwọn àwòrán wa àtijọ́ padà sórí rẹ̀, ó sì ń dúró de ẹni tí yóò yà síbẹ̀."

"Èyí tó parí sí gov.ng ńkọ́?" ni Micah béèrè.

"Ìyẹn kì í ṣe ọjà, sà. Iléeṣẹ́ ìjọba nìkan ni wọ́n ń fún. Aláṣẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè, kí ó buwọ́ lù ú, kí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó o sì yẹ̀ ẹ́ wò. Oníjìbìtì kò kàn lè jókòó sínú yàrá rẹ̀, kó fi káàdì báǹkì rà á."

"Àǹtí, ṣùgbọ́n mo rí àmì àgádágodo lókè rẹ̀," ni Ikhlas wí. "Wọ́n ní bí a bá ti rí àgádágodo, kò séwu."

"Wọn ò sọ ọ́ tán fún ọ. Àgádágodo yẹn kàn ń sọ pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ohun tí ìwọ àti onílé ń bára yín sọ. Kò sọ fún ọ bóyá olè ni onílé."

Ó fa bébà kan, ó kọ orúkọ méjì sí i: araromijesa.gov.ng, àti araromijesa-gov.com. "Gov wà nínú méjèèjì. Èwo ni tìjọba?"

Micah tẹjú mọ́ ọn bí ó ṣe máa ń tẹjú mọ́ àkọlé kó tó gba owó iṣẹ́. "Ìparí rẹ̀ ló yàtọ̀," ni ó wí. "Ti ìkejì, kọ́ọ̀mù ló gbẹ̀yìn."

"Ojú yín ríran, sà. Ìparí orúkọ ni ká máa wò, kó tó kan ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi '/' tó bá tẹ̀ lé e. Olè lè ki gov bọ ìbẹ̀rẹ̀, ó lè kì í bọ àárín. Ìparí ni kò ti lè purọ́."

"Tinúolúwa, ó tó," ni Ṣíjúadé wí, ó ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. "Mo ní ìpàdé. Kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá fún ọmọ mi!" ni Làbákẹ́ ké.

Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi lọ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì lóṣòó sáàárín ẹnu ọ̀nà gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ọmọ Òṣómàáló ni mí," ni ó wí. "Àwọn bàbá wa tó máa ń lóṣòó síwájú ajigbèsè títí yóò fi san kò mọ 'padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀'. Kì í ṣe owó ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Orúkọ ọmọ mi ni mo wá gbà. Òṣó ni màá ló síbí títí ẹ ó fi buwọ́ lùwé."

Micah kò dúró gbọ́ èsì. Làbákẹ́ yẹ̀ fún un, ó jáde, ó lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó sì padà dé pẹ̀lú garawa ọ̀dà funfun kan, ọ̀dà pupa kan àti búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ jù lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀dà funfun pa àdírẹ́sì ara ògiri rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oòrùn gbẹ ẹ́ kíákíá. Lẹ́yìn náà ni ó fi pupa kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó apá ènìyàn:

OLÈ LÓ NI ÀDÍRẸ́SÌ TÓ WÀ NÍBÍ TẸ́LẸ̀. ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀ MỌ̀.

Ọlọ́kadà kan kọ́kọ́ dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kà á tán, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àdírẹ́sì wo? Ṣé èyí tó wà lára ògiri gáréèjì náà? Èmi náà kọ orúkọ mi síbẹ̀!" Obìnrin kan tó ń lọ sọ́jà gbé agbọ̀n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní orí ìkànnì yẹn ni òun àti ọkọ òun ti gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ọ̀kan ń pe èkejì lórí fóònù. Kó tó di ọ̀sán, àwọn mẹ́tàlá ló ti dúró sídìí ògiri náà, ìwé lọ́wọ́ àwọn kan, fóònù lọ́wọ́ àwọn mìíràn.

Ṣíjúadé fi ara ha ẹ̀yìn Làbákẹ́ kọjá pẹ̀lú wàhálà, ó jáde wá pẹ̀lú ìbínú.

"Ta ló fún ọ láṣẹ láti kọ nǹkan sára ògiri ìjọba?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ti àkọ́kọ́," ni Micah dáhùn, kò gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ẹ wá sọ èyí tó jẹ́ irọ́ nínú èyí tí mo kọ lónìí, kí n pa á rẹ́."

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́yẹlé bọ́ síwájú. Kò pariwo rárá.

"Ọ̀gá, lóṣù tó kọjá ni mo mú irú ìwé yìí lọ fún àyẹ̀wò iṣẹ́ ní Iléṣà. Wọ́n ní orúkọ mi kò sí nínú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ yìí. Mo padà délé, mo bi bàbá mi bóyá ibòmíràn ni wọ́n ti wá, tí wọ́n fi í pa mọ́ fún wa. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ọ̀gá. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ìlú yìí ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, ó kàn ń mirí ni."

Ṣíjúadé yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo Ọmọ́yẹlé, ó sì wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ wọlé. Gbogbo yín, ẹ wọlé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Mùtàlíbù, bàbá Ikhlas, gba ìwé ìjẹ́rìí lọ́wọ́ olórí àdúgbò wọn. Lọ́jọ́ kejì, Tinúolúwa fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí sọ́wọ́ Ikhlas, pẹ̀lú lẹ́tà tí Ṣíjúadé buwọ́ lù, tó ṣàlàyé fún ilé-ẹ̀kọ́ náà pé wọ́n tan ọmọ náà ni, kò tan ẹnikẹ́ni. Tinúolúwa tún tẹ̀ lé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti fẹjọ́ sùn, wọ́n sì dé báǹkì rẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ àkáǹtì rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Ikhlas àti ìyá rẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ọkùnrin ọjọ́ Ajé yẹn tẹ nọ́ńbà tuntun sínú kọ̀ǹpútà, orúkọ ọmọ náà sì jáde. Kò tọrọ àforíjì. Ó kàn ní kí ó lọ jókòó sáàárín àwọn yòókù. Ikhlas jókòó, ó sì sunkún sínú híjáàbù rẹ̀.

Ti Ọmọ́yẹlé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà tirẹ̀ fi máa dé Iléṣà, wọ́n ti fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ó mú ojúlówó ìwé rẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí wọ́n forí ji òun. Iṣẹ́ tó lọ ti lọ.

Àwọn oníjìbìtì náà kò sì tíì lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kan pe fóònù Ikhlas. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó pe orúkọ bàbá rẹ̀ àti àdúgbò wọn, ó ní ìjọba ìbílẹ̀ ni òun ti ń pè, kí ó ka nọ́ńbà tí báǹkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Ikhlas pa fóònù náà. Ṣùgbọ́n kò gbé ìpè kankan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun kọ sílẹ̀ fún wọn kò ṣeé gbà padà.

Micah àti Tinúolúwa lọ yí àwọn ibi mẹ́wàá tó kù. Micah ń kọ tuntun, Tinúolúwa ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí ti ọjà, Tinúolúwa ṣàkíyèsí pé àtíìsì náà kò túra ká.

"Inú ṣì ń bí yín, sà?"

"Ó yẹ kó máa bí mi," ni Micah dáhùn. "Ìwé tí o kọ wà nínú fáìlì fún oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ olọ́mọ ń di olè lójú àwùjọ. Bí inú kò bá bí wa, fáìlì náà yóò tún padà sí àyè rẹ̀."

Ẹ̀yin ará wa, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ikhlas lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lọ́wọ́. Kí ẹ tó kọ orúkọ yín tàbí nọ́ńbà NIN yín sórí ìkànnì tó pe ara rẹ̀ ní ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ wo ibi tí àdírẹ́sì rẹ̀ parí sí. Bí kò bá parí sí gov.ng, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àmì ìjọba tó wà lójú rẹ̀, tàbí àgádágodo, ẹ má sì gbà á gbọ́ nítorí pé ará àdúgbò ló fi ránṣẹ́ sí yín lórí Wásáàpù. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé sẹkitéríàtì, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lójúkojú.

Bí ẹ bá ti kọ nǹkan sí ibi tí kò yẹ, ẹ má fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, ẹ sọ fún báǹkì yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín lórí fóònù pé kí ẹ ka nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí yín, olè ni, ì báà mọ orúkọ ìyá tó bí yín.

Ẹ̀yin aláṣẹ náà, ẹ gbọ́ tiyín. Kíkó lọ sí gov.ng dára, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jọ̀wọ́ orúkọ àtijọ́ fún oníjìbìtì. Ẹ dì í mú, kí ó máa darí àwọn ènìyàn sí tuntun. Ẹ pa èyí tó wà lára ògiri rẹ́. Ẹ kéde rẹ̀ lórí rédíò, ní ọjà, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn tí kò tíì mọ̀ yóò ti gbọ́.

Bí ẹ̀yin ará ìlú bá sì rí àdírẹ́sì àtijọ́ lára ògiri kan ládùúgbò yín lónìí, ẹ má ṣe kọjá lọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ mú un lọ sí sẹkitéríàtì, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọn yóò pa á rẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n dá yín lóhùn.